Bí Mo Ṣe Lọ Kọ́ Mímí ní Jọ́ọ̀sì

Ọyẹ́ ti bo gbogbo Ilare, àdúgbò wa ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìdájí ọjọ́ tí a gbéra lọ sí Jọ́ọ̀sì. Àkùkọ kò tíì kọ tí ìyá mi ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà síwájú mi. Ó ní ẹni tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kì í fi ikùn òfìfo jáde nílé. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì nígbà náà, mo ń kọ́ ìmọ̀ eré ìdárayá àti bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ bí ó bá ń sáré. Ẹ̀kọ́ náà ṣòro láti ṣàlàyé fún ará ilé. Àwọn àbúrò bàbá mi a máa bi mí bóyá ó di dandan kí ènìyàn lọ sí yunifásítì kí ó tó mọ eré é sá, nítorí ewúrẹ́ kò lọ, ó sì ń sá. Èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi kì í bá wa rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òun ló máa ń gbé mi sáré lọ sí ọsibítù nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ikọ́ fée bá fún mi láyà, tí èémí mi ń han bí fèrè. Ikọ́ náà ti fi mí sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé girama, eré sísá sì ti di ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé, ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbàgbé. Ó ki súwẹ́tà méjì bọ inú báàgì mi.

"Fọlákẹ́, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ibí o," ló wí. "Bí èémí rẹ bá yí padà, má bá ẹnikẹ́ni du ipò. Jókòó."

Olùkọ́ wa, Dókítà Abímbọ́lá, ló ṣètò ìrìn àjò náà. Orí òkè gíga ni Jọ́ọ̀sì wà, ó sì fẹ́ kí a lọ wo ohun tí ibi gíga máa ń ṣe sí ọkàn àti èémí ẹni tí ó ti ìsàlẹ̀ wá. Iṣẹ́ àṣekágbá mi nìyẹn: èmi ni màá máa sáré, Tájù, ọmọ kíláàsì mi tí ilé wọn wà ní Modákẹ́kẹ́, ni yóò máa wọn bí ọkàn mi ṣe ń lù. Mo ti sọ ìtàn ikọ́ náà fún Dókítà. Ó ní kí n lọ rí oníṣègùn, oníṣègùn sì ní kò séwu. Inú mi dùn débi pé oorun kò kùn mí rárá.

Bọ́ọ̀sì ẹ̀ka wa ni èmi, Tájù àti Dókítà wọ̀. Bàbá Ṣadé, ará Ẹdúnàbọ̀n, ló ń wà á. A kọjá Iléṣà nínú òkùnkùn, ilẹ̀ sì mọ́ bá wa lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ní Ọ̀wọ̀, a ra dùndú náírà márùn-ún lówó ìgbà náà, ó kún ọwọ́ mi méjèèjì. Láti Ọ̀wọ̀ lọ, ojú ọ̀nà ti bàjẹ́. Bàbá Ṣadé ń yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún fún kòtò, Tájù sì ń di àpótí irin iṣẹ́ wa mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bí a ṣe dé Lọ́kọ́ja ni mo rí Odò Ọya fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé omi lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí ó sì dákẹ́. A jẹ ẹ̀bà àti ẹja tútù níbẹ̀, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní Ilé-Ifẹ̀, orí ẹja nìkan ni iye yẹn lè rà.

Lẹ́yìn odò náà, igi ń kéré sí i, koríko ń pọ̀ sí i, a ò sì gbọ́ Yorùbá mọ́. Ní Àkwáńgà, Tájù rò pé kéwú tí òun kọ́ ní kékeré á ran òun lọ́wọ́. Ó fi èdè Lárúbáwá kí obìnrin tó ń ta máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Haúsá, ìyẹn sì fi Haúsá da á lóhùn lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì fi máásà kan ṣe èènì fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Hawan Kibo ni wọ́n ń pe ibẹ̀. "Hawan" ni gígun òkè lédè Haúsá. Ọkọ̀ ń kérora, etí mi dí, ó là, ó tún dí. Àpáta ńláńlá dúró lórí ara wọn bí ẹni pé ènìyàn ló tò wọ́n. Ilé ìyá Kaneng ni a dé sí. Ọmọbìnrin ni Kaneng, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Jọ́ọ̀sì, òun náà sì ń sáré. Igi oró ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé wọn ká, kò sí bíríkì kan níbẹ̀. "Sannu da zuwa," ni ìyá rẹ̀ fi kí wa, èyí ni ẹ kú àbọ̀. Ó bu gwate fún wa, ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi acha sè, ọkà kan tó wẹ́ bí iyanrìn. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù sí i.

Ní ọjọ́ kejì, Kaneng mú mi lọ sí ọ̀nà kan tó gba àárín oko pòtétò kọjá. Nílé, kò sí obìnrin tó ń ṣáájú mi ní yunifásítì wa. Mo sì bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi fi wúwo bí òkúta. Mo ń fa èémí, n kò rí i fà. Kaneng ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sí ìloro ilé, ó sì ń sáré. Mo jókòó sórí àpáta, ẹ̀rù bà mí gidi. Mo rò pé ikọ́ fée ti wá bá mi dé Jọ́ọ̀sì, àti pé eré sísá tèmi ti parí.

Nígbà tí Kaneng mú mi padà délé, Dókítà fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà gbọ́ iwájú àti ẹ̀yìn mi. Ó bi mí bóyá àyà mi ń han. Mo ní rárá, afẹ́fẹ́ ni kò tó mi.

"Ohun tí a wá wò nìyẹn," ló wí. "Afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́. Ara rẹ ń wá èyí tó mọ̀ nílé, kò rí i. Bí o bá fún un láyè, á ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i láti máa fi gbé ìwọ̀nba tó bá rí. Ṣùgbọ́n n kò ní fipá mú ọ. Bí o bá fẹ́, Tájù á sáré, ìwọ á máa wọn ọ́n."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Ẹ̀bá ọgbà igi oró ni mo wà ní ọ̀sán ọjọ́ náà nígbà tí Kaneng wá jókòó tì mí. Ó ní ìgbà tí òun lọ sáré ní Èkó, ooru ibẹ̀ gbé òun ṣubú lójú gbogbo ènìyàn, ọmọ ilé ìwé girama sì ń gba iwájú òun kọjá. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ Haúsá kan fún mi: "A hankali." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo dìde, mo lọ sọ fún Dókítà pé èmi ni màá sá a.

Rírìn ni a kọ́kọ́ ń rìn. Lẹ́yìn náà a ń rìn, a ń sáré díẹ̀, a tún ń rìn. Láràárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi wà níbẹ̀, ni Tájù ń di ọrùn ọwọ́ mi mú kí n tó jáde àti bí mo bá wọlé, ó ń fi aago wọn bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ohun tí mo ti kà nínú ìwé fún ọdún mẹ́ta wá ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ ara mi. Ọkàn mi tó ń lù kìkì bí ẹni ń gún iyán tẹ́lẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí Tájù bá ti pe iye rẹ̀, gbogbo wa á yọ̀, títí kan ìyá Kaneng tí kò gbọ́ èdè tí a ń sọ.

Ní òwúrọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa padà, èmi àti Kaneng sáré gun òkè àpáta kan lẹ́yìn ìlú. Ó ṣáájú mi dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí mi. Nígbà tí mo débẹ̀, oòrùn ń yọ lórí gbogbo oko àti òrùlé, mo sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ láìmọ̀. Òun ló kọ́kọ́ fura. Ó nàka sí ẹnu mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

A gbé pòtétò àti káróòtì tí ìyá Kaneng fún wa, a sì padà. Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ki, tí ó ń móoru. Ní Ilare, ìyá mi fi etí lé àyà mi lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó dáhùn ìkíni mi. Ó pẹ́ kó tó gbé orí rẹ̀ kúrò. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní kí n wá jẹun.

Ní ọjọ́ kẹta tí a dé, mo lọ sáré ní ọ̀nà gígùn tó ti géètì yunifásítì wọ inú ọgbà. Tájù gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi, ó di aago mọ́wọ́. Ìgbà gbogbo ni ọ̀nà yẹn máa ń gba agbára mi tán. Lọ́jọ́ náà, mo fa èémí, ó kún inú mi dé ìsàlẹ̀, mo tún fà á, ó ṣì kù. Igi ẹ̀bá ọ̀nà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò sì gbọ́ ìró nǹkan kan ju ẹsẹ̀ mi lọ. Ohun tí mo kọ́ lórí òkè náà ni pé ara a máa kọ́ ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹni tó ni ín rò pé ó ti kùnà, bí a bá ti lè fún un láyè.

Ẹ̀yìn mi jìnnàjìnnà ni mo ti ń gbọ́ ohùn Tájù. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí kẹ̀kẹ́, ó ní kí n dúró, a ti dé.

Mo ní, "Ibo la dé?" Mo sì ń sáré lọ.