Ọjọ́ Tí Mo Ta Múfú Nínú Géèmù Họ́kì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí géèmù orí fóònù ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tú èmi àti ọ̀rẹ́ mi láti ogún ọdún ká. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Géèmù họ́kì ni, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Ẹ kò ní gbá a fúnra yín. Mánẹ́jà lẹ máa jẹ́: ẹ̀yin lẹ máa yan ẹni tó máa wọlé, ẹ̀yin lẹ máa rà, ẹ̀yin lẹ máa tà. Àwa mélòó kan tá a jọ gbá họ́kì nílé ìwé ní Ìgbògbò la jọ ń ṣe líìgì kan, orúkọ ara wa la sì fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wa.

Múfú ni mo sọ gólì kípà mi. Ọ̀rẹ́ mi Múfú gan-an ló ń ṣọ́lé fún wa nílé ìwé. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé báyìí, èmi wà ní Ìkòròdú níbí, nílé iṣẹ́ kan ní Industrial Estate.

Nígbà tó yá, Múfú inú géèmù dàgbà. Bọ́ọ̀lù ń wọlé bí ẹni wọ ilé bàbá ẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Géèmù yìí ò mọ̀ ju kí ẹ fi í síbẹ̀ tàbí kí ẹ tà á. Níbi tí mo ti ń jẹun ọ̀sán lẹ́nu iṣẹ́, mo tẹ bọ́tìnì, mo tà á. Kíá ni mẹ́sééjì lọ sọ́dọ̀ gbogbo líìgì pé mánẹ́jà ò nílò Múfú mọ́.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Múfú ò rẹ́rìn-ín. Ó jáde nínú gúrúùpù wa, kò sì gbé ìpè mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Inú kọ́kọ́ bí mi. Torí géèmù? Àgbàlagbà tó ti bímọ!

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Bùrọ̀dá Wàídì, ló là mí lójú. Wọ́n ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ tí Múfú ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá dá a dúró. Mẹ́sééjì ni wọ́n fi lé e, wọn ò tiẹ̀ pè é jókòó. Ìgbà tó di ọ̀sán, tèmi tún dé. Ojú tì mí gan-an.

Ẹnìkan kì í dá lọ bẹ èèyàn, torí náà mo ní kí Bùrọ̀dá Wàídì sìn mí. A wọkọ̀ ní Garage, ó di Ẹ̀pẹ́.

Bùrọ̀dá Wàídì ní, "Múfú, torí tèmi, jẹ́ kó tán nínú ẹ."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹ bi í, ṣé kò lè kọ́kọ́ pè mí ni?"

Mo ṣàlàyé pé kò sí bọ́tìnì ìyẹn nínú géèmù.

"Sọ fún wọn kí wọ́n fi sí i nígbà yẹn!"

Bá a ṣe jókòó nìyẹn. Àwọn tó ṣe géèmù náà ní ibì kan téèyàn ti lè dábàá àtúnṣe. Múfú ń sọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́: kí mánẹ́jà lè pe agbábọ́ọ̀lù tó ti dàgbà jókòó, kó lè rán àgbà sí i tínú bá ń bí i, kó lè sọ ọ́ di olùkọ́ àwọn gólì kípà, kí ọ̀rọ̀ má sì dé etí aráyé kó tó dé etí onítọ̀hún.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n gba ọ̀kan wọlé: bọ́tìnì tá a fi ń pe agbábọ́ọ̀lù jókòó. Mo ṣí i níwájú Múfú. Ohun mẹ́ta péré ni mánẹ́jà lè sọ: pé ó ti dàgbà, pé àyè ò sí mọ́, pé ó dàbọ̀.

Múfú kà á tán. "'O ṣeun' dà?"

Mo ní wọ́n gbàgbé ni, a máa tún kọ̀wé sí wọn.

Ó ní, "Ti géèmù kọ́ ni mò ń bi ẹ́."

Gbogbo ọdún tó fi ń fàyà gba bọ́ọ̀lù fún wa nílé ìwé, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Mo di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú. Mo ní, "Múfú, o ṣeun."

Ó ní kò tọ́pẹ́.

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó yọ ẹnikẹ́ni kúrò níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ pè é jókòó, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ṣọ́lé fún yín rí tí ẹ ò tíì kí? Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pè é ná.