Ọmọ Ìwàrà Tí Kò Dọ̀bálẹ̀ l'Óṣogbo

Bí Ajíbádé ọmọ Ògúnjìnmí bá ń ti oko Ìwàrà bọ̀, orí rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ ó wá dúró díẹ̀ kí ìyókù tó dé. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ọ̀pá. Bàbá rẹ̀ máa ń ráhùn pé aṣọ ẹni méjì ló ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ta ló fẹ́ máa rán an. Àmọ́ tí àsìkò kòkó bá ti dé, bàbá á panu mọ́, torí kòkó tó wà lókè téńté yẹn, Ajíbádé nìkan ló ń tó o.

Tíṣà Ọdúntán ló sọ gíga náà di nǹkan. Tíṣà kékeré ni nílé-ìwé ìjọ ní Ìwàrà, ọkùnrin tín-ín-rín, ṣòkòtò péńpé funfun, fèrè lọ́rùn. Tó bá fẹ́ kí ẹnì kan wá, fèrè. Tó bá fẹ́ kó lọ, fèrè. Àwọn èèyàn ní tó bá délé, fèrè ló fi ń béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó. Ìbàdàn ló ti lọ kọ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú apẹ̀rẹ̀ lókè, tí wọn kì í fẹsẹ̀ gbá. Nígbà tó dé Ìwàrà, kò sí irin, kò sí pákó. Ó tọrọ agbọ̀n kòkó kan, ó gé ìdí ẹ̀ dànù, ó so ó mọ́ igi máńgòrò. Àwọn àgbà tó ń kọjá dúró wò ó. Wọ́n ní ẹni tó ń da nǹkan sínú agbọ̀n tí kò nídìí, ìgbà wo ló fẹ́ kún? Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ.

Ajíbádé ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní Sítáńdáàdì Fáìfù. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà. Tó bá toko dé nírọ̀lẹ́, á fọ ẹsẹ̀, á lọ sídìí máńgòrò, á máa ju bọ́ọ̀lù. Ọdún méjì ló fi jù ú bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, láti Ìbòkun dé Ẹ̀sà-Òkè, kò sí ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ kankan tó fẹ́ bá Ìwàrà ta bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá ti gbọ́ pé Ọ̀pá ń bọ̀.

Ọdún 1957 ni ìròyìn dé pé Ẹgbẹ́ Ẹtu ti Ìbàdàn ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó ló ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ò ju bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n sì ń gbowó oṣù lórí ẹ̀. Àwọn àgbà Ìwàrà ní irọ́ ni. Wọn yóò wọ reluwé dé Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò ti ibẹ̀ lọ sí Iléṣà. Wọ́n á fún àwọn ilé-ìwé ní bọ́ọ̀lù, wọ́n á kí ọba, wọ́n á kí àwọn aláìsàn ní ọsibítù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: wọ́n á mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹyọ kan péré, wọ inú ẹgbẹ́ wọn.

Ògúnjìnmí gbọ́, ó rò ó. Ó sọ fún ọmọ ẹ̀ pé tí wọ́n bá mú un, kó máa lọ, òun á súre fún un. Tí wọn ò bá mú un, oko lẹ́ẹ̀kan, oko lẹ́ẹ̀kejì, òun ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́ títí òun á fi kú. Ajíbádé ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ti gbọ́ nípa ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, Ọ̀gá Láńrewájú. Wọ́n ní kì í fi bọ́ọ̀lù nìkan mú èèyàn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ni pé, bọ́ọ̀lù, òun lè kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ilé, ilé rẹ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ tó ń wọlé ọba, tó ń wọ yàrá aláìsàn, kò lè kó aláìlẹ́kọ̀ọ́ dání. Ni Tíṣà bá ń kọ́ ọmọ ogún ọdún ní ìdọ̀bálẹ̀. Á fọn fèrè, Ajíbádé á sáré, á ju bọ́ọ̀lù, á dúró, á nà gbọọrọ sílẹ̀, àyà á kan iyẹ̀pẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ajíbádé Ògúnjìnmí ni mí, láti Ìwàrà." Fèrè. Ó tún yá. Àwọn ọmọdé ń sín in jẹ lẹ́yìn, gbogbo wọn á nà gbalaja bí ẹja tí wọ́n sá.

Sátidé ọjọ́ náà ku ọjọ́ mẹ́jọ nígbà tí kùkùté igi kan gún Ajíbádé ní àtẹ́lẹsẹ̀ nínú oko kòkó. Ó wọlé dáadáa. Bàbá rẹ̀ ṣe ohun tí bàbá tiẹ̀ náà ń ṣe: ó gbé epo pupa kaná nínú àpáàdì, ó fi òwú kán an sójú ọgbẹ́ náà ní gbígbóná, títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Lọ́jọ́ kẹta, ojú ẹ̀ ti pa dé, ó ń dán. Àmọ́ Morónkẹ́, ẹ̀gbọ́n Ajíbádé, tó ń fọ ilẹ̀ ní ọsibítù n'Íléṣà, ránṣẹ́ pé kó wá gba abẹ́rẹ́. Ajíbádé tọ Tíṣà lọ pé kí ni kóun ṣe.

Tíṣà tẹ ojú ọgbẹ́ náà. Kò sí ọyún. Ó ronú pé tí àwọn nọ́ọ̀sì bá rí ẹsẹ̀ yìí, wọ́n á ní kó má fò fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Epo ti ṣiṣẹ́," ló wí. "Jẹ́ ká ti Òṣogbo dé ná."

Ajíbádé ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Láàárọ̀ Sátidé, nínú ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà, Tíṣà ra búrẹ́dì àti àkàrà. Ajíbádé fi búrẹ́dì sẹ́nu, ó yọ ọ́ padà. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dun òun láti àná, ọrùn òun náà sì le. Tíṣà ní ẹ̀rù ni, pé òun náà ò lè jẹun lọ́jọ́ tóun fẹ́ ṣe ìdánwò tíṣà. Òun ló jẹ búrẹ́dì náà tán.

Pápá kún fọ́fọ́ l'Óṣogbo. Àwọn ọmọ Ẹtu wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù lábẹ́ itan, wọ́n ń fi orí ìka yí i, ìyá àgbà kan ní kí wọ́n yé, òòyì ń kọ́ òun. Ọ̀gá Láńrewájú kúrú, ó fi páìpù tí kò tan há eyín, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ń gba àárín eyín jáde bí omi tó ń jo: "Jẹ́ńtùmẹ̀ẹ̀nì, ẹ ṣáré, ẹ ṣáré." Kí oòrùn tó dé àtàrí, gbogbo ọmọ Òṣogbo tó wà níbẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síra wọn.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Tíṣà rí i pé Ajíbádé ò tẹ̀ rárá. Ó dúró ṣánṣán bí òpó. Bọ́ọ̀lù bá bọ́ sílẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Àmọ́ èyí tó bá dé ọwọ́ rẹ̀ lókè, ó ti wọlé nìyẹn. Mọ́kànlá ló jù wọlé. Adéjọbí, ọmọ akọ̀wé reluwé l'Óṣogbo, tó ṣìkejì ẹ̀, méje ló jù. Òógùn bo Ajíbádé bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò. Àwọn èrò ń pariwo "Ọ̀pá! Ọ̀pá!" Fèrè Tíṣà bọ́ lẹ́nu ẹ̀ torí ẹ̀rín.

Wọ́n tò wọ́n. Ọ̀gá Láńrewájú ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Adéjọbí nà gbọọrọ, ó kí i, ó dárúkọ. Ó kan Ajíbádé.

Ajíbádé fẹ́ lọlẹ̀. Ẹ̀yìn ò tẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀, ó já sórí orúnkún kan, àyà ṣì nà gan-an, bí ìyàwó tó ń gbé omi fún ọkọ. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì fà sẹ́yìn, eyín yọ sílẹ̀ gbogbo. Ẹ̀rín ló jọ.

"Ṣé èmi lò ń kúnlẹ̀ fún bí obìnrin yẹn?" Ọ̀gá Láńrewájú bi í. "O tún ń yín eyín sí mi?"

Ajíbádé fẹ́ dáhùn. Ohun tó jáde láàárín eyín ni "Ẹ ṣú iṣẹ́ ṣà," ohùn Ọ̀gá Láńrewájú gẹ́lẹ́. Ẹ̀rín tó sọ ní pápá náà, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gbọ́ ọ ní ìdí reluwé.

Ọ̀gá ò pariwo. Ó yọ páìpù kúrò lẹ́nu, ó yíjú sí Tíṣà. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ yín mọ bọ́ọ̀lù ju gbogbo wọn lọ. Ẹ mú un padà sílé, kí wọ́n lọ kọ́ ọ."

Adéjọbí ni wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún. Ojú gba Tíṣà tì débi pé kò wo ojú Ajíbádé rárá. Ó kàn án ní ìkó lórí, ó ní ṣé ohun tóun kọ́ ọ nìyẹn. Ara ọmọ náà gbọ̀n rìrì láti orí dé ẹsẹ̀. Tíṣà rò pé inú ló ń bí i.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà lọ sí Iléṣà, kòtò kan, ẹ̀yìn Ajíbádé á ká sẹ́yìn bí ọrun. Kòtò míì, á tún ká. Ìyá oníṣòwò obì kan tó jókòó kọjú sí i ń wò ó láti Òṣogbo. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ọmọ yìí ò rẹ́rìn-ín o. Ipá ló mú un."

Tíṣà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí ọmọ náà.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé e sí yàrá kékeré kan, wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé. Dókítà ní ipá tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara ni, pé abẹ́rẹ́ tó yẹ kó ti gbà láti ọjọ́ yìí lòun fún un báyìí, bóyá á ṣiṣẹ́, bóyá kò ní ṣiṣẹ́. Ó ní ariwo kankan ò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, torí ariwo ló ń fa ara ẹ̀ ká. Tíṣà bèèrè bóyá ó mọ ibi tó wà. Morónkẹ́ ní ó mọ̀. Ó ní ohun tó burú nínú ipá nìyẹn, gbogbo nǹkan lèèyàn ń gbọ́.

Tíṣà ò lọ sílé. Orí bẹ́ǹṣì níta yàrá náà ló wà títí Mọ́ńdè, ọjọ́ tí Ẹgbẹ́ Ẹtu wá kí àwọn aláìsàn. Wọ́n gbé mílíìkì alágolo wá, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárà fún àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú àgbàlá. Gbì, gbì, gbì. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Nínú yàrá, gbogbo gbì tó bá dún, egungun Ajíbádé ń dáhùn. Ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, orí àti gìgísẹ̀ nìkan ló kù lórí ẹ̀.

Morónkẹ́ sáré jáde. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀gá Láńrewájú, ó ní kó jọ̀ọ́, kí wọ́n má lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ mọ́, àbúrò òun wà nínú yàrá yẹn. Ọ̀gá ní ta ni àbúrò ẹ̀.

"Ẹni tó kúnlẹ̀ fún yín l'Óṣogbo ni, sà."

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù náà dání. Ọ̀gá Láńrewájú bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó rọra wọlé, Tíṣà tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín ọjọ́ Sátidé yẹn náà ló ṣì wà lójú Ajíbádé. Ọ̀gá wò ó títí. Ó wá tẹ̀ sílẹ̀ sí etí ẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìsí páìpù, bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀:

"Mo ti mú ẹ. Ìwọ ni mo mú."

Ojú Ajíbádé yí, ó wo Tíṣà. Tíṣà mọ̀ pé ó mọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ti sọ fún un láàárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí kò mọ ohun tí èèyàn ń sọ fún aláìsàn, pé Adéjọbí ti wọ reluwé lọ sí Ìbàdàn. Tíṣà ò lè gbé ojú sókè. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà tó yọ lábẹ́ aṣọ. Ojú ọgbẹ́ ṣì ń dán.

Ajíbádé kú ní Wẹ́sídè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ ló lọ sin ín. Òkú ọ̀fọ̀ ni, Ògúnjìnmí àtìyàwó ẹ̀ ò sún mọ́ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún wọn.

Tíṣà lọ kí wọn. Ó ti gbọ̀rọ̀ jọ, èyí tó fẹ́ sọ nípa epo pupa, nípa abẹ́rẹ́, nípa bó ṣe ní kó ti Òṣogbo dé ná. Ó sọ gbogbo ẹ̀. Ògúnjìnmí gbọ́ ọ tán. Ó ní epo, òun lòun kán an. Ó wá bèèrè iye èèyàn tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Tíṣà ní wọ́n á tó ẹgbẹ̀ta.

"Mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ara ọmọ mi ò dá?"

Tíṣà ní kò sí ẹyọ kan.

"Ẹ lọ sọ fún wọn, Tíṣà. Kí wọ́n má máa rò pé mi ò kọ́ ọ."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tíṣà wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Kò sẹ́nì kankan ní pápá, àfi ewúrẹ́ àti àwọn ọmọdé mẹ́ta. Wọ́n ń ṣeré kan. Ọ̀kan á ju òkúta, á wá já sórí orúnkún kan, á na àyà, á yọ gbogbo eyín síta, á ní, "Ẹ ṣú iṣẹ́ ṣà." Àwọn yòókù á ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Eré náà ti ní orúkọ. Wọ́n ń pè é ní Ọmọ Ìwàrà. "Ó kàn mí, jẹ́ n ṣe Ọmọ Ìwàrà."

Tíṣà súfèé pè wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré wá, wọ́n nà gbọọrọ sílẹ̀, àyà kan iyẹ̀pẹ̀, wọ́n kí i dáadáa. Ó sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń sín jẹ yẹn, àìsàn ló ṣe é, pé kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́, pé ó ti kú.

Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó yíjú sọ́nà gáréèjì. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ẹ̀rín wọn lẹ́yìn.