Ohùn Bàbá Rámátù

Ẹ má rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì Cocody, lókèèrè níbí tí wọ́n ti ń sọ Faransé, mi ò sì gba irú nǹkan báyìí gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ló rí i.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n so yìgì èmi àti Rámátù. Ìyá bàbá mi, tó wà ní abúlé wa nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, ní òun ò ní fọwọ́ sí i láìṣe ìwádìí ìdílé rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àwọn àgbà wa.

Ni mo bá lọ bá Bàbá Rámátù ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní àdúgbò Marcory, ní ọ̀sán gangan. Ojú ń tì mí. Ta ló ń bi àna rẹ̀ pé, "Níbo lẹ ti wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fiston, ọmọ mi, ará abúlé kan náà ni wá. Gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù rẹ, kí o fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà."

Ó sọ bí èèrà ìjàlọ ṣe lé wọn kúrò ní abúlé àtijọ́, tí wọ́n sá sọdá odò, tí wọn ò rí nǹkan gbé ju ilẹ̀kùn ilé lọ. "Èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ ru ọ̀kan. Ó ń sunkún, mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Mo fẹ́ dá gbọ́ ọ ná, àmọ́ Bàbá ní, "Tẹ̀ ẹ́, ká jọ gbọ́."

Ohùn ìyá àgbà ń gbọ̀n. "Ọmọ mi, ta lẹ jọ wà níbẹ̀? Èmi àti Lásísì la ru ilẹ̀kùn yẹn. Lásísì sì ti kú kí n tó bí bàbá rẹ. Ojú mi ni wọ́n ṣe sin ín. Ohùn rẹ̀ nìyí o! Lásísì!"

Bàbá ò wojú mi. Ó rọra ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ṣì ń sunkún," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó mú bútà, ó ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ìsọ̀. Mo dúró títí. Nígbà tí mo yọjú, bútà nìkan ló wà nílẹ̀, omi ṣì kún inú rẹ̀. Ògiri ló sì yí ibẹ̀ ká. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ọ̀nà àbájáde.

Rámátù gbé oúnjẹ dé. "Papa ńkọ́?"

"Ó lọ ṣe àlùwàlá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwádìí yín ti lé bàbá mi sá!"

Ọ̀la ni yìgì, Bàbá ò sì tíì padà. Ta ni yóò fa ìyàwó lé mi lọ́wọ́? Wọ́n ní akúdàáyà kì í dúró níbi tí ará ilé bá ti dá a mọ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni Rámátù ń gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ lọ sí ìsọ̀. Mo bá a dé ibẹ̀ lónìí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbóná bíi tèmi.

Ẹ ṣe ìwádìí àna yín o, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé àgbà kan lókèèrè, tó mọ abúlé yín ju ẹ̀yin lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sílé.