Sikánà Màámi

Ojú Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì lọ́dún tí a kó lọ sí Orozo. Kò pẹ́ tí awò ojú wọn ò fi ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, pé lẹ́tà gàdàgbà nìkan ni wọn yóò lè máa kà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn ló sì ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn kan ti ń sọ pé kí ẹlòmíràn gbà á. Màámi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn ìwé ẹ̀kọ́ wọn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Jabi. Mo ní bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo sì ra sikánà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ojú ìwé, ní Wuse. Èrò mi ni pé kí Màámi gbé ìwé sórí dígí rẹ̀, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, kí ojú ewé náà yọ ràgàjì lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó rọrùn lẹ́nu. Bí mo bá ti so sikánà mọ́ bọ́ọ̀dù, iná rẹ̀ á tàn fìrí, á sì kú. Mo tún ètò inú rẹ̀ kọ, mo pààrọ̀ wáyà, mo bú ẹni tó ṣe é; kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Àṣé bọ́ọ̀dù yẹn ò ní iná tó láti bọ́ ara rẹ̀, kó tún bọ́ sikánà. Mo ra àpótí kékeré tó ń gba iná tirẹ̀ lára ògiri, mo fi í sáàárín àwọn méjèèjì. Lọ́sàn-án Sátidé, mo fi ìwé ọ́fíìsì dán an wò, ó yọ ketekete.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màámi gbé ìwé ẹ̀kọ́ wọn sórí rẹ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Èmi ò wo tẹlifíṣọ̀n. Ojú wọn ni mò ń wò. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n jókòó.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Fi sílẹ̀. Ojú ọ̀hún ló tán."

Mo yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Kùrukùru funfun ló bò ó, bí gíláàsì mọ́tò láàárọ̀ ọyẹ́.

"Màámi, èmi náà ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ìwọ náà ò rí i? Ó dá ẹ lójú?"

Láyé mi, n kò tíì rí abiyamọ tó yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọmọ rẹ̀ ò ríran.

Mo ṣí ìdérí sikánà. Ọ̀rá ló wà lórí dígí, ìṣẹ́po méjì, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Nílé wa, ohun tuntun kì í wà níhòòhò: rìmóòtù wà nínú ọ̀rá, ìjókòó mọ́tò pàápàá ò tíì bọ́ tirẹ̀. Màámi ní eruku Orozo pọ̀, pé àwọn ò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi tètè bàjẹ́. Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Àwọn fúnra wọn ló ya ọ̀rá náà kúrò. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà yọ gàdàgbà gàdàgbà. Wọ́n kà á sókè, pẹ̀lú ohùn olùkọ́ tí mo ti gbàgbé pé wọ́n ní. Mo dìde láti lọ gbóúnjẹ wá.

"Jókòó," ni wọ́n wí, wọn ò wẹ̀yìn. "Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀."