Ìgbà Tí Ọmú Mi Gbẹ

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn iṣu tó ń hó lórí iná igi, ilé àwọn ọkọ mi ní Ìyìn ni ọkàn mi ń lọ, àti obìnrin tí mo jowú jù láyé mi. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Oṣù kan náà ni àwa méjèèjì bímọ, ìyá ọkọ wa sì kó wa sọ́dọ̀ láti tọ́jú wa. Wò ó, ọ̀rẹ́ mi, kí ọmọ obìnrin yẹn tó gbé orí dúró, ó ti padà sínú síkẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ kó tó lóyún. Ikùn tèmi ṣì wú, àwọn tó wá kí wa sì ń bi mí bóyá ọmọ kan ṣì kù níbẹ̀. Màá bá wọn rẹ́rìn-ín, màá sì fa ìró bò ó. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkọ mi wo obìnrin yẹn, ó ní, "Ìyàwó wa, o mà tètè padà sípò o!" Kò sọ nǹkan kan nípa tèmi.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù. Ìyá ọkọ wa á gbé iyán gbígbóná kalẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí á máa ta sánsán, èmi á bu òkèlè mélòó kan, màá ní mo ti yó. Lálẹ́, ògì ṣíṣàn lásán. Obìnrin yẹn á jẹ tirẹ̀ tán níwájú mi, á lá ọwọ́, kò sì ní sanra. Mo kórìíra bó ṣe ń lá ọwọ́ yẹn. Lóòótọ́ ikùn mi ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù ń mú mi nínú oòrùn, òyì ń kọ́ mi bí mo bá dìde, irun mi sì ń bá òòyà jáde. Mo wo dígí, mo ní ó ku díẹ̀.

Bí ọmú mi ṣe gbẹ nìyẹn. Ọmọ mi á fà á títí, á tú u sílẹ̀, á figbe ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jáde ní balùwẹ̀, mo gbọ́ pé igbe ti dákẹ́. Mo bá ọmọ mi láyà obìnrin yẹn, ó ń gbé omi ọmú mì, ó di búláòsì rẹ̀ mú.

"Ìyáálé mi, ẹ má bínú," ó ní. "Ebi ló ń pa á. Màmá ló ní kí n fún un."

Mo ti jowú ikùn rẹ̀ àti síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí fẹ́ pa mí. Mo já ọmọ mi gbà, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá ọkọ wa kò bá mi jà. "Jẹ uyán rẹ, ìyàwó mi," ló fi èdè Ìyìn sọ. "Ara rẹ ni ọmọ rẹ ń jẹ." Nọ́ọ̀sì tó wọn ọmọ ní Adó sọ bẹ́ẹ̀ náà: kí n jẹun, kí n mu omi, kí n sì máa gbé ọmọ sọ́mú léraléra bí kò tilẹ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo jẹun. Kì í ṣe ọgbọ́n ni mo fi jẹ ẹ́ o, owú ni. Mò ń gbé òkèlè mì, mò ń wo obìnrin yẹn lójú. Òtútù kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀, lẹ́yìn náà òyì. Irun ló pẹ́ jù. Omi ọmú ń padà díẹ̀díẹ̀, mo sì jẹ́ kí obìnrin yẹn máa bá mi fún ọmọ lọ́mú títí tèmi fi tó o. Ọjọ́ tí mo gbọ́ tí ọmọ mi gbé e mì ní àyà mi, mo sunkún.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Bí a bá dé Ìyìn, ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ló kọ́kọ́ ń sáré lọ, mo sì ń jowú síbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n n kì í lè bá a bínú pẹ́. Ara rẹ̀ tí mo torí ẹ̀ febi pa ara mi, ara yẹn náà ni ọmọ mi jẹ yó.