Bùsárì Lórí Òrùlé Tó Ń Léfòó

Ọ̀rẹ́ mi Bùsárì Àkànjí kò mọ ìjókòó. Bí Àgbékẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á dìde lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ ẹ́ tán, á ní òun ń lọ wo ilẹ̀kùn.

"Bàbá Ràfátù, ilẹ̀kùn ò tíì sá lọ o," ni Àgbékẹ́ máa ń wí.

Ọmọ Ìsọlọ̀ ni, ọ̀pẹ ló ń gùn kí ilé tó gba oko wọn. Lẹ́yìn òmìnira, èmi àti òun ríṣẹ́ ní ọgbà epo kan lọ́nà Apákun, ó sì mú Táòfíkì, àbúrò rẹ̀, dání. Èmi ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń fa epo nísàlẹ̀. Òkè ló wu àwọn méjèèjì, orí táńkì epo ni iṣẹ́ tiwọn.

Òrùlé àwọn táńkì kéékèèké ṣe ṣóńṣó, kì í mira. Ti táńkì ńlá kan tó wà níbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orí epo gan-an ló léfòó sí: bí epo bá kún, á gòkè, bí epo bá fà, á rọlẹ̀ bí ọmọrí tó já sínú ìkòkò. Àtẹ̀gùn irin yí ara táńkì ká dé pèpéle lókè, láti ibẹ̀ ni èèyàn ti ń gba àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sórí òrùlé náà. Bí òjò bá rọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ kó ewé kúrò lójú ihò tí omi ń gbà jáde, kí omi má bàa ri òrùlé.

Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ti rọlẹ̀, èéfín epo máa ń kún ibi jíjìn tó kù lórí rẹ̀ bíi kòtò, kò sì pẹ́ tó fi máa ń mú kí èèyàn dákú. Nítorí náà, ẹni tó wà ní pèpéle gbọ́dọ̀ máa pe orúkọ ẹni tó wà nísàlẹ̀, kí onítọ̀hún sì máa jẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nílé àwọn Bùsárì, wọn kì í pe orúkọ ẹni tó bá wà lórí ọ̀pẹ. Ó lè yíjú, kí igbà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dá, Bùsárì sọ̀ kalẹ̀, Táòfíkì dúró lókè. Ara mi ò balẹ̀, n ò gbọ́ ohùn kankan. Mo sáré pe fọ́máàn wa, Ọ̀gá Ọmọ́wálé, a jọ gùn ún lọ. Bùsárì ló kúnlẹ̀ tó forí sọlẹ̀ lẹ́bàá ihò yẹn. Táòfíkì di irin mú ní pèpéle, ó ń wò ó.

"O ò pè é? Ah-ah! You wan kill am?"

"Ọ̀gá, ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Bùsárì!" Ọ̀gá Ọmọ́wálé pariwo.

Táòfíkì ti balẹ̀ kí a tó rí okùn. Ó so ó mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyà, a fà á.

Nígbà tí Bùsárì bì tán tó lajú, Ọ̀gá Ọmọ́wálé ní kí Táòfíkì máa lọ sílé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e," ni Bùsárì wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó pè mí lórí ọ̀pẹ nígbà tó wà ní kékeré, mo sọ̀ kalẹ̀ mo gbá a létí."

Inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Ọ̀gá náà rò ó, ó ní ó dáa, nígbà tí òjò bá tún rọ̀, Táòfíkì ni yóò sọ̀ kalẹ̀, Bùsárì ni yóò máa pè.

Ọjọ́ náà kò pẹ́ dé, èmi náà sì gòkè lọ wò wọ́n. Bùsárì la ẹnu ní pèpéle, ohùn ò jáde. Ó tún un là. Nísàlẹ̀, Táòfíkì ń kó ewé, kò gbórí sókè. Kí n tó mọ̀ ọ́n, Bùsárì ti wà lórí àkàbà, ó ń sáré lọ bá a, èmi nìkan ni mo kù lókè tí mò ń pariwo orúkọ àwọn méjèèjì bíi wèrè.

Àwọn méjèèjì gòkè bọ̀ láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n yọ Bùsárì kúrò lórí táńkì lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kó máa ṣọ́ géètì. Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, mo bú u dáadáa. Ó jẹ́ kí n bú u tán.

"Àbúrò mi ló wà níbẹ̀ yẹn," ló wí. "Mi ò lè dúró lókè kí n máa wò ó."