Ohùn Ìyá Mi Lábẹ́ Ohùn Ìyá Sáfù

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré ní àdúgbò Treichville, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí, kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá jẹ téèpù, stylo, ìyẹn bíírò, la fi ń ká a padà.

Láràárọ̀ ọjọ́ dimanche, ìyẹn ọjọ́ Àìkú, ìyá mi á máa dín alloco, èmi á máa fọ abọ́, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì gba gbogbo àgbàlá. Kásẹ́ẹ̀tì kan náà ló máa ń fi sínú ẹ̀rọ, wákà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Sáfù, gbé jáde. Ó ní Ìyá Sáfù ló ń lé orin, òun ló ń gbè é. Kò sí àlejò tó máa wọlé tí kò ní sọ fún pé, "Ohùn mi wà níbẹ̀ o!"

Ta ló gbọ́? Ìyá Sáfù kì í fún ẹnikẹ́ni láàyè. Òun ló ń dá orin, òun náà ló tún ń gbè é! Lọ́jọ́ kan tí àlejò kún ilé, mo la ẹnu kòbákùngbé, mo ní, "Màmá, irọ́ ni. Ẹ ò sí níbẹ̀." Háà! Mo ti fọwọ́ bo etí, mò ń retí ìgbátí. Kò gbá mi. Ó yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ padà nínú epo. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, ó fọ́ náà nìyẹn. Kò sọ ọ́ fún àlejò kankan mọ́ títí tó fi kú. Ì bá tiẹ̀ nà mí.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí, n kò sì ní ohùn rẹ̀ níbì kankan. Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ kọ orin náà níbi ìpàdé ẹbí, mo bá ní kí ọmọ mi obìnrin fi kọ̀ǹpútà yọ ohùn Ìyá Sáfù kúrò. Ó ṣàlàyé pé ohùn tó bá dọ́gba létí ọ̀tún àti létí òsì ni ẹ̀rọ ń pa rẹ́. Èyí tó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan kì í lọ. Ó tẹ nǹkan, Ìyá Sáfù pòórá.

"Papa, obìnrin kan ṣì ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Ṣé kí n yọ òun náà?"

Mo pariwo pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ni! Bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn nídìí iná gan-an ló ń fà á. Mo sunkún bí ọmọdé.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n ìyá mi wà nílé. Mo lè ní kó kọ ọ́ sí mi létí, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Lónìí mò ń gbọ́ ọ ketekete, mo sì ti ṣe tán láti tọrọ àforíjì. Ta ni n óò wá dọ̀bálẹ̀ fún?